Abúlé Èdè Faransé ní Àgbádárìgì àti Ìgbáradì Àwọn Olùkọ́

Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé ní yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà fi máa ń lọ gbé ní ilẹ̀ Faransé tàbí orílẹ̀-èdè bíi Sẹ̀nẹ̀gà àti Tógò fún ìgbà kan kí wọ́n tó gboyè. Púpọ̀ nínú wọn ni ó di olùkọ́.

Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti ọdún 1986 ni ó dabarú àṣà yìí. Ní 1985, náírà kan níye lórí ju dọ́là kan lọ. Kí 1986 tó parí, dọ́là kan ti ju náírà 3 lọ. Owó ìrìn àjò wá di ẹrù tí apá kò ká mọ́. Ní 1991, ìjọba àpapọ̀ dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjárá, lẹ́bàá Àgbádárìgì, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni ti ń gbé pọ̀, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa sọ Faransé.

Àǹfààní rẹ̀ kò kéré, nítorí láìsí i, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kì bá tí gbé inú èdè tí wọ́n ń kọ́ni rí. Ṣùgbọ́n ní Parisi, ebi nìkan tó láti mú àlejò sọ Faransé. Ní Àjárá, òfin ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jáde lọ sọ́jà, Ògù, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni yóò gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni Àjàṣẹ́ rí lódì kejì ẹnubodè: ọmọ Yorùbá lè fi èdè ìyá rẹ̀ nájà níbẹ̀. Nítorí náà, ìrìn àjò nìkan kò tó; ibi tí èdè náà ti di kò-ṣeé-mánìí ni olùkọ́ ọ̀la ti ń gbọ́ ọ dénú.