Ọmọdé, ẹ̀kú eégún àti adé Olówu

Ìtàn tí àwọn ará Òwu fi ń ṣàlàyé orírun oyè wọn dá lórí ọmọ kékeré kan. Ìyá rẹ̀, tí í ṣe ọmọbìnrin Odùduwà, gbé e lọ kí bàbá àgbà. Ọmọ náà jókòó sórí itan ọba, ó nawọ́ sí adé, ó bú sẹ́kún, kò sì dákẹ́ títí wọ́n fi gbé adé lé e lórí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Aṣunkúngbadé. Nígbà tí oorun gbé e lọ, ìyá rẹ̀ ṣí adé náà kúrò, ó sì fẹ́ dá a padà, ṣùgbọ́n ọba ní kó máa tọ́jú rẹ̀ fún ọmọ. Ẹkún ọmọ àti àánú bàbá àgbà ni àwọn asọ̀tàn sábà máa ń tẹnu mọ́. Bẹ́ẹ̀, ìyá yìí ni ó ṣe iṣẹ́ abiyamọ nínú ìtàn náà: ó gbà kí ọmọ fi ohun àgbà ṣeré, ó jókòó tì í, kò sì jẹ́ kí ó sùn pẹ̀lú ẹrù lórí.

Adé ìlẹ̀kẹ̀ a máa bo ojú ọba, gẹ́gẹ́ bí awọ̀n ti ń bo ojú eégún. Ojú tí a bò yìí ni ìṣòro ọmọdé. Ọmọ ọdún méjì kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín aṣọ àti ẹni tó wọ̀ ọ́. Ojú ni ó fi ń mọ ìyá, òun náà ni ó fi ń mọ àlejò. Bí ojú bá ti pòórá, ayé dojú rú fún un. Bí ará ọ̀run bá wá jáde láti igbàlẹ̀, tí ẹ̀kú ń fẹ́ lẹ́lẹ́, tí ohùn rẹ̀ kò jọ ti ènìyàn, kí ni ọmọ yóò ṣe bí kò ṣe pé kó figbe ta?

Àwọn Yorùbá ìgbàanì kò dá ọmọ dá ẹ̀rù yìí. Ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ ti kọ́kọ́ ń wo eégún, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ìlù bàtá ti ń dé etí kí ará ọ̀run tó dé ojú. Eégún ilé yóò yà wọlé wá súre fún ìdílé, yóò sì ki oríkì wọn. Ọmọ yóò gbọ́ oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún lẹ́nu àjòjì ará ọ̀run yìí, ẹ̀rù yóò sì dín díẹ̀. Àwọn ọmọ mìíràn tilẹ̀ gbé ọdún náà mọ́ orúkọ wọn: Abégúndé ni ẹni tó bá eégún dé. Atókùn ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Awọ̀n kì í jẹ́ kí eégún ríran dáadáa, nítorí náà atókùn ni ojú rẹ̀. Òun ni ó ń darí rẹ̀, òun ni ó sì ń dúró láàárín eégún àti èrò.

Bí ọmọkùnrin bá dàgbà díẹ̀, eré eégún di tirẹ̀. Àkísà ìró ìyá ni ẹ̀kú, agolo òfìfo ni ìlù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ni atókùn. Ẹni tó bá ti wọ aṣọ ẹ̀rù fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti mọ̀ pé ooru ń mú ẹni tó wà nínú rẹ̀. Òwe àwọn àgbà kò jìnnà sí ibẹ̀: ẹni tí eégún ń lé kó máa rọ́jú, bó ti ń rẹ ará ayé, bẹ́ẹ̀ ló ń rẹ ará ọ̀run.

Àbùkù kan wà nínú àṣà yìí tí kò yẹ kí a bò. “Eégún ń bọ̀ o!” ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń dẹ́rù ba ọmọ tó kọ̀ láti mu ẹ̀kọ tàbí tó kọ̀ láti sùn. Ọmọ tí wọ́n ti fi eégún halẹ̀ mọ́ láti oṣù dé oṣù kò lè gbádùn rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Òbí ni ó ba ọdún náà jẹ́ kí eégún tó jáde.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 1826, Hugh Clapperton wo eré àwọn eégún ní Ọ̀yọ́-Ilé níwájú Aláàfin. Ó kọ̀wé nípa àwọn tó jó nínú àpò, nípa ejò ńlá, àti nípa eégún kan tó ń ṣe bí òyìnbó. Inú ọdún mẹ́wàá yẹn kan náà ni ogun run Òwu. Ìjà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjà Àpòmù, tí Johnson ní ataare ló fà á, di ogun tí Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ gbé dìde. Wọ́n sàga ti ìlú náà títí ebi fi mú kí wọ́n máa jẹ pòpòǹdó, ẹ̀wà tí wọn kì í kà sí oúnjẹ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìlú tú, àwọn kan sá, ọ̀pọ̀ sì di ẹrú. Nínú àwọn Yorùbá tí ogun àsìkò yẹn tà sókè òkun, àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ balẹ̀ sí Freetown, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ eégún sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Ojeh títí di òní. Àwọn mìíràn gbé eégún dé erékùṣù Itaparica ní Brazil. Ọmọ tí a bí sí ilẹ̀ àjèjì tún rí ẹ̀kú.

Lónìí, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ń bá ọdún ìbojú mìíràn pàdé ní 31 oṣù Ọ̀wàrà: Halloween, tí àwọn ará Ireland gbé lọ sí Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ òbí ní ti èṣù ni, wọn a sì ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣàjèjì. Ohun tí àwọn míṣọ́nnárì sọ nípa eégún ní Abẹ́òkúta nìyẹn. Ó sì yẹ kí a rántí pé ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ ni orúkọ Halloween túmọ̀ sí, ọjọ́ tí àwọn Àgùdà àti Áńgílíkà ilé wa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ewu tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀mí àìrí. Ní ọdún 2014, iná àbẹ́là ràn mọ́ aṣọ ọdún ọmọbìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó jóná gidigidi, ìjọba sì ní kí wọ́n lọ yẹ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wò ní ilé ìtajà. Àwọn olùwádìí ará Kánádà tó yẹ àkọsílẹ̀ Amẹ́ríkà láti 1975 sí 2016 wò rí i pé ikú àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lójú títì ń fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i ní alẹ́ ọjọ́ náà ju àwọn alẹ́ tó yí i ká lọ. Láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ, ìlọ́po mẹ́wàá ni.

Ohun tí àwọn ìyá ń ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wúlò níbẹ̀. Aṣọ kúkúrú tí kò ní gbé ọmọ ṣubú. Àtíkè tàbí ọ̀dà ojú tí kì í ha ara dípò ìbojú tó ń dí ojú àti imú. Iná tọ́ọ̀ṣì dípò àbẹ́là. Kí wọ́n jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí bàbá kọ́kọ́ wọ ìbojú lójú ọmọ, kó ṣí i, kó tún wọ̀ ọ́, títí ọmọ yóò fi rẹ́rìn-ín. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, kí wọ́n gbé e padà sílé. Ní ilé níhìn-ín, ibi tí àtòrì bá ti ń ró kì í ṣe ibi tí à ń gbé ọmọ ọdún méjì dúró sí. Ìyá rẹ̀ lè dúró de eégún ilé, èyí tí yóò yà wá kí i lórúkọ.