Ìtàn Iṣan Ọwọ́ Tí Kò Sí Lára Gbogbo Ènìyàn

Ẹ̀yin ará wa, kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ yìí síwájú, a fẹ́ kí ẹ na apá yín kan, kí ẹ kọ àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ẹ fi àtàǹpàkò kan ìka tí ó kéré jù, kí ẹ sì tẹ ọwọ́ náà wá sọ́dọ̀ ara yín díẹ̀ láti ọrùn-ọwọ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò rí ohun kan tí ó le sókè láàárín ọrùn-ọwọ́, bí ọsán tí a fà lára ọrun. Àwọn kan kò ní rí nǹkan kan. Àwọn mìíràn yóò rí i ní ọwọ́ ọ̀tún, wọn kò sì ní rí i ní òsì. Kò sí aláìsàn nínú gbogbo wọn.

Palmaris longus ni àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pe ohun náà. Lárúbáwá òde òní ń pè é ní al-adalah ar-rahiyyah at-tawilah, ìyẹn ni ẹran gígùn ti àtẹ́lẹwọ́, nítorí pé rahah ni àtẹ́lẹwọ́ ní èdè wọn. Láti orí egungun ìgúnpá, ní ìhà tí ó kọjú sí ara, ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ́ ẹran fún ìwọ̀nba díẹ̀, lẹ́yìn náà ó di okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gba àárín apá lọ sí ọrùn-ọwọ́. Ibẹ̀ ni ó ti wọ àtẹ́lẹwọ́, tí ó sì bá aṣọ fẹ́lẹ́ kan tí ó tẹ́ sábẹ́ awọ bí abẹ̀bẹ̀ pàdé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá wa tẹ ọwọ́, kí ó sì fa awọ àtẹ́lẹwọ́ kí ó le.

Ọ̀rọ̀ èdè kan wà níhìn-ín tí a kò fẹ́ fò dá. Àwa Yorùbá ń pe ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ní iṣan. Iṣan náà ni a ń pe okùn tí ó so ẹran mọ́ egungun. Iṣan náà ni a tún ń pe ohun tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ. Lárúbáwá ya wọ́n sọ́tọ̀: irq ni ti ẹ̀jẹ̀, watar ni okùn ẹran, asab ni ti ìmọ̀lára. Watar yìí kan náà ni wọ́n ń pe ọsán ọrun. Ẹ fi ìyàtọ̀ watar àti asab sọ́kàn, nítorí ó ń bọ̀ wá di ọ̀rọ̀ ńlá níwájú.

Ẹni tí ìwé rẹ̀ jẹ́ ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí fún ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mẹ́tàlá ni Galen, tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Jalinus. Pergamon ni wọ́n bí i sí ní 129, ní ilẹ̀ tí ó di Tọ́kì lónìí. Ó tọ́jú àwọn tí ń fi idà bá ara wọn jà níwájú èrò, lẹ́yìn náà ó di oníṣègùn ààfin ní Róòmù. Galen kọ̀wé pé okùn kan tẹ́ sábẹ́ awọ àtẹ́lẹwọ́, ó sì sọ ìdí tí ó fi wà níbẹ̀: kí ọwọ́ lè mọ ohun tí ó bá kàn dáadáa, kí irun má bàa hù níbẹ̀, kí awọ má sì máa yẹ̀ kiri bí a bá di nǹkan mú. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n títú òkú ènìyàn wò kò sí láyè ní Róòmù nígbà ayé rẹ̀, ọ̀bọ ni ó máa ń là, pàápàá irú èyí tí kò ní ìrù tí ó wà ní Àríwá Áfíríkà. Iṣan yìí kì í sì í wọ́n lára ọ̀bọ náà. Ohun tí Galen rí lára ọ̀bọ ni ó kọ sílẹ̀ fún ọmọ ènìyàn, ó sì kọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo ọwọ́ ni ó ní in. Ẹni tí kò ní iṣan náà ńkọ́? Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ẹ ò ní rí irun kankan níbẹ̀.

Bí ìwé Galen ṣe dé ọwọ́ aráyé jẹ́ ohun ìwúrí fún gbogbo ẹni tí ó ń kọ́ Lárúbáwá. Ní Bagdad, ní ayé àwọn kálífà Abbasid, Hunayn ibn Ishaq (809 sí 873) pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ àti Hubaysh ọmọ arábìnrin rẹ̀ jókòó ti iṣẹ́ ìtumọ̀. Hunayn kọ orúkọ ìwé Galen 129 sílẹ̀, ó sì sọ ẹni tí ó túmọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kristẹni ni Hunayn, lábẹ́ àwọn olórí Mùsùlùmí ni ó sì ti ṣe iṣẹ́ náà. Kò yẹ kí a fi èyí pamọ́. Ìwé ńlá tí Galen kọ lórí bí a ti ń tú ara wò jẹ́ apá 15. Ní èdè Gíríìkì tí ó fi kọ ọ́, kò ṣẹ́kù ju àwọn apá mẹ́jọ àkọ́kọ́ àti díẹ̀ nínú ìkẹsàn-án. Gbogbo ìyókù, ní Lárúbáwá nìkan ni ó wà. Nígbà tí àwọn òyìnbó fẹ́ kà á lódindi, inú Lárúbáwá ni wọ́n ti tú u sí Jámánì ní 1906, àti sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1962.

Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ìwé yàtọ̀ sí wíwádìí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ibn Sina (980 sí 1037), bí ó ti tóbi tó, Galen ni ó gbára lé nígbà tí ó ń to ẹran ara ènìyàn lẹ́sẹẹsẹ nínú al-Qanun. Ibn al-Nafis ní Káírò, ẹni tí ó tún ọ̀rọ̀ Galen ṣe lórí bí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá, sọ fúnra rẹ̀ pé òfin ẹ̀sìn àti àánú ọkàn òun kò jẹ́ kí òun máa tú òkú wò.

Ẹni tí ó wù wá jù nínú gbogbo wọn ni Abd al-Latif al-Baghdadi. Ó wà ní Íjíbítì nígbà tí odò Náílì kò kún tó, tí ìyàn ńlá mú láti 1200 dé 1202. Àwọn ènìyàn kú lọ bẹẹrẹbẹ. Ó gbọ́ pé òkìtì egungun wà ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní al-Maqs, ó sì lọ síbẹ̀. Galen ti kọ ọ́ pé egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ jẹ́ méjì tí a so pọ̀ níwájú, gbogbo ayé sì ń kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀. Abd al-Latif wo agbárí tí ó lé ní 2,000, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó rí. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní kí àwọn mìíràn lọ wò ó lẹ́yìn òun, ohun kan náà ni wọ́n rí. Ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé Galen ga nínú ìmọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí ṣe é gbà jù ú lọ. Egungun nìkan ni ó rí níbẹ̀, ẹran ti jẹrà, nítorí náà kò lè mọ nǹkan kan nípa iṣan tiwa yìí. Síbẹ̀, irú ojú bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iṣan yìí ń retí.

Ó retí rẹ̀ pẹ́. Ní 1543, Vesalius tí ó ń kọ́ni ní Padua, ní Ítálì, tẹ ìwé ńlá jáde, ó sì fi hàn pé ara ọ̀bọ ni Galen ti rí púpọ̀ nínú ohun tí ó kọ. Ẹni tí ó gba ipò lẹ́yìn rẹ̀ ní Padua ni Realdo Colombo. Ìwé tirẹ̀ jáde ní Venice ní 1559, ọdún tí òun náà kú, inú rẹ̀ ni a sì ti rí i kà pé iṣan yìí kò sí lára àwọn ènìyàn kan. Láti ìgbà Galen sí ìgbà náà lé ní ọdún 1,300. Ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ojú lásán rí lọ́wọ́ ara rẹ̀ láìgbé ọ̀bẹ, ìwé ni ó bò ó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí a ní kí ẹ gbà wò ó níbẹ̀rẹ̀, 1909 ni ó ti wà nínú ìwé, orúkọ Schaeffer ní Amẹ́ríkà ni wọ́n sì fi ń pè é.

Nígbà tí àwọn òyìnbó wá mọ̀ pé ara ènìyàn kò rí bákan náà, kíkà ni ó kàn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti bàjẹ́. Chudzinski ní Paris tẹ ìwé jáde ní 1898 lórí bí ẹran ara ti yàtọ̀ láti ẹ̀yà dé ẹ̀yà. Edward Loth, ará Póláǹdì, tẹ tirẹ̀ jáde ní Jámánì ní 1912 lórí ẹran ara àwọn adúláwọ̀. Èrò tí ó gbilẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ irú èyí nígbà náà ni pé ẹ̀yà ènìyàn ní òkè àti ìsàlẹ̀. Ohunkóhun tí aláwọ̀ dúdú àti ọ̀bọ bá fi jọra, àmì ìsàlẹ̀ ni wọ́n kà á sí. Bí ó bá jẹ́ aláwọ̀ funfun ni ó fi jọ ọ́, wọn a ní ìyàtọ̀ lásán ni.

Ìyókù ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nílẹ̀. Ọmọ ilé-kéwú wa kan tí ó tún ń lọ sí ilé-ìwé gíga gbé e wá bá wa pé òun kà á níbì kan pé ẹni tí kò ní iṣan yìí ni ó ti jìnnà sí ọ̀bọ jù. Ó ti wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó rí iṣan náà ní méjèèjì, ojú sì ń tì í.

A bi í pé, ẹni tí ó ní in ní ọ̀tún tí kò ní in ní òsì, ṣé ọwọ́ òsì rẹ̀ ti di ènìyàn tán, tí ọ̀tún ṣì kù lẹ́yìn? Ó rẹ́rìn-ín. A tún sọ fún un pé ìnàkí ńlá tí wọ́n ń pè ní gorílà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní iṣan náà. Ṣé àwọn gorílà yẹn ni wọ́n wá ga ju òun lọ ni? Lẹ́yìn náà ni a dé orí iye. Ní 2009, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí 600 ènìyàn láàárín àwa Yorùbá: àwọn tí wọn kò ní in, yálà lọ́wọ́ kan tàbí méjèèjì, jẹ́ 6.7 nínú 100. Ìwé àwọn òyìnbó sábà máa ń sọ pé ó tó 15 nínú 100 lọ́dọ̀ tiwọn. Èyí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ará Ṣáínà, tí ó jáde ní 2005, kò tó 5. Ní Gaziantep ní Tọ́kì, wọ́n kéde ní 1997 pé ó lé ní 60. A kò fi gbogbo ara gba ti Gaziantep yẹn, nítorí àwọn mìíràn tí ó ṣe é ní Tọ́kì kò rí tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi iṣan yìí to ènìyàn sípò, kí ó sọ fún wa ibi tí yóò to àwọn ará Ṣáínà sí, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Àwọn dókítà tí ń ṣiṣẹ́ abẹ ni wọ́n rí ìwúlò rẹ̀ ní tòótọ́. Ẹni tí iṣan ìka rẹ̀ bá gé, wọ́n lè yọ okùn yìí láti fi tún un ṣe, nítorí agbára ọwọ́ kì í dín kù bí a bá yọ ọ́. Ní 1974, Dókítà Frank Jobe ní Los Angeles yọ ọ́ ní apá ọ̀tún Tommy John, ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù baseball, ó fi tún ìgúnpá òsì rẹ̀ ṣe. Ọkùnrin náà padà sórí pápá ní 1976, ó sì ń jù ú títí di 1989.

Níbí ni watar àti asab ti wá di ọ̀rọ̀. Asab ńlá kan wà lábẹ́ okùn yìí gan-an ní ọrùn-ọwọ́, òun ni ó ń jẹ́ kí àtàǹpàkò, ìka tí a fi ń júwe àti ìka àárín mọ nǹkan lára. Bí okùn náà kò bá sí, asab ni yóò súnmọ́ awọ jù níbẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní òkè òkun, ó sì wà nínú ìwé wọn, pé dókítà wá watar, ó fa asab yọ dípò rẹ̀, ọwọ́ aláìsàn sì kú sí i lára. Nítorí náà, dókítà tí ó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ ní kí aláìsàn fi àtàǹpàkò kan ìka kékeré kí ó tó gbé ọ̀bẹ. Bí kò bá rí okùn náà, ó lè lọ wá òmíràn tí ó jọ ọ́ ní ẹ̀yìn ojúgun, tí wọ́n ń pè ní plantaris. Òun náà kò sí lára gbogbo ènìyàn.