Owó Ìjọba Lẹ́yìn Agbawèrèmẹ́sìn: Ẹ̀kọ́ Kọ́ńtẹ́nà Mẹ́tàlá fún Ṣàngó Ọ̀tà

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004 ni ìjọba Ọbásanjọ́ ti fòpin sí owó ojú pópó káàkiri Nàìjíríà, àmọ́ orúkọ Toll Gate kò kúrò ní Ṣàngó. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta ń gbà, títì Ìdí-Ìrókò tó lọ sí ẹnubodè ilẹ̀ Benin kò sì jìnnà síbẹ̀. Tọ̀sán-tòru ni ọkọ̀ àjàgbé ń gbé kọ́ńtẹ́nà láti èbúté Àpápá wá sí àwọn iléeṣẹ́ Ọ̀tà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn tó ń kírun máa ń tẹ́ ẹní wọn. Lọ́jọ́ Àìkú, bọ́ọ̀sì àwọn tó ń lọ jọ́sìn ní Canaanland, ojúkò ìjọ Winners, á gba ojú títì yẹn kan náà. Èrò mi ni pé kì í ṣe bí ẹ̀sìn méjèèjì ṣe ń gbé pọ̀ yìí ni ewu wa. Ìgbà tí ìjọba kan, yálà tilé tàbí tòkèèrè, bá sọ ẹ̀sìn di ohun èlò ìṣèlú, tó nawó sí i, tó tún kó ìbọn fún un, ìgbà náà ni ewu dé.

Àpápá ni ẹ̀rí tó sún mọ́ wa jù. Níparí oṣù kẹwàá ọdún 2010, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣí kọ́ńtẹ́nà mẹ́tàlá níbẹ̀. Ohun èlò ìkọ́lé ni ìwé ẹrù pè é. Rọ́kẹ́ẹ̀tì, àdó olóró àti ọta ìbọn ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Ọkọ̀ òkun MV Everest ló kó o láti Bandar Abbas ní ilẹ̀ Ìráànì, láti oṣù keje ló sì ti wà ní èbúté. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń gba ẹrù wọlé ní iléeṣẹ́ á mọ bí irú rẹ̀ ṣe lè ṣẹlẹ̀: dírẹ́bà á na ìwé, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì á wo nọ́ńbà ara síìlì, á wò ó bóyá ó bá tinú ìwé mu, á sì ṣílẹ̀kùn. Ìwé ni wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹrù.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ ní Èkó rán Azim Aghajani, ọmọ Ìráànì, àti ọmọ Nàìjíríà kan lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 2012, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fi òfin de Aghajani, wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ Quds Force ni, ìyẹn ẹ̀ka ológun Ìráànì tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun. Iléeṣẹ́ aládàáni ni Ìráànì ní ó ta ẹrù náà. Gáńbíà tí wọ́n ní ẹrù ọ̀hún ń lọ já okùn àjọṣe pẹ̀lú Ìráànì, Sẹ̀nẹ̀gà náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2011, wọ́n ní ìbọn Ìráànì wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ Casamance ní gúúsù Sẹ̀nẹ̀gà. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ yẹn kì í sì í jà nítorí ẹ̀sìn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí nìyẹn: ìjọba tó ń fi orúkọ Ọlọ́run ṣèjọba kò bèèrè ẹ̀sìn ẹni tó ń gba ìbọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Ìráànì nìkan ni mo fẹ́ bá wí. Amẹ́ríkà àti Saudi Arabia ló jọ náwó fún àwọn jagunjagun ẹ̀sìn tó ń bá Soviet jà ní Afghanistan láàárín ọdún 1980 sí 1989. Sudan gba Osama bin Laden, olórí al-Qaeda, lálejò láti 1991 títí di 1996, nígbà tí Hassan al-Turabi ń darí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti ìṣèlú níbẹ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 1998, bọ́ǹbù al-Qaeda pa èèyàn 224 ní Nairobi àti Dar es Salaam. Ọmọ Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú wọn.

Nílé ńkọ́? Ní Borno, Buji Foi, ọmọlẹ́yìn Mohammed Yusuf tó dá Boko Haram sílẹ̀, di kọmíṣánnà fún ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn lábẹ́ gómìnà Ali Modu Sheriff. Sheriff ti sẹ́ kanlẹ̀ pé òun kò ṣonígbọ̀wọ́ Boko Haram, n kò sì ní ẹ̀rí láti fi jà á níyàn. Ṣùgbọ́n ipò kọmíṣánnà kì í ṣe àhesọ. Nígbà tí wàhálà Boko Haram bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2009, Yusuf àti Foi kú láì rí ilé ẹjọ́, ohun tí à bá gbọ́ lẹ́nu wọn sì bá wọn lọ.

Àwọn kan yóò ní agbawèrèmẹ́sìn kò nílò ìjọba. Wọ́n lè tọ́ka sí Michael Adebolajo àti Michael Adebowale, ọmọ ìran Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n pa ọmọ ogun Lee Rigby ní Woolwich lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù karùn-ún ọdún 2013. Òótọ́ ni, kò sí ìjọba lẹ́yìn wọn. Mọ́tò àti ọ̀bẹ ni wọ́n lò, ẹnì kan ni wọ́n pa. Ikú ẹyọ ẹnì kan burú, ó sì ń dun ìyá rẹ̀ títí dòní, àmọ́ kò sí bí ọwọ́ àwọn méjì bẹ́ẹ̀ ṣe lè tó rọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ńtẹ́nà mẹ́tàlá. Ìyàtọ̀ tí owó ìjọba ń mú wá nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà mọ́. Àwọn agbébọn ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022, nínú ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis. Lápá àríwá Benin, àwọn ọmọ ogun JNIM, ẹgbẹ́ tó so mọ́ al-Qaeda, pa sójà 54 lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ilẹ̀ Benin yìí kan náà ni títì Ìdí-Ìrókò já sí.

Nítorí náà, kí á yé máa ṣọ́ híjáàbù aládùúgbò tàbí ariwo gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Kí àwọn aṣọ́bodè máa ṣí kọ́ńtẹ́nà wò, kí wọ́n yé gba ìwé gbọ́. Kí ààfáà àti pásítọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ gbé owó fún bèèrè orísun rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ìgbìmọ̀ arìnrìn-àjò sílẹ̀ mímọ́ fún Mùsùlùmí, ó ní fún Kìrìsìtẹ́nì. Kò sí aburú níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n tẹ gbogbo kọ́bọ̀ tí ìjọba ń ná sórí ẹ̀sìn jáde fún aráàlú láti kà. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ní Òkè-Mosàn, l'Abẹ́òkúta, lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣúná ọdún tó ń bọ̀.