Òkè Tó Wà Lára Aṣọ: Ta Ló Ni Ín?

Láti Ẹdẹ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ kan níbí, tí wọ́n máa ń lọ gun òkè lópin ọ̀sẹ̀, fẹ́ máa ta aṣọ àti báàgì. Wọ́n ní kí n bá wọn ṣe lógò. Àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ni òkè ṣóńṣó kan tí yìnyín bo orí rẹ̀. Mo ní, yìnyín kẹ̀? Nílẹ̀ Yorùbá níbí? Ni mo bá lọ wádìí ibi tí àwòrán yẹn ti wá.

Ní 1966, Doug Tompkins àti Susie ìyàwó rẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù kan sí San Francisco, wọ́n pè é ní The North Face. Ní 1968, Tompkins àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Yvon Chouinard, wakọ̀ láti California títí dé ìsàlẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n sì gun òkè Fitz Roy. Nígbà tí Chouinard dá Patagonia sílẹ̀ ní 1973, òkè yẹn ló di lógò rẹ̀. Yìnyín ló gbẹ́ Fitz Roy tó fi rí ṣóńṣó. Òkè tí Chouinard ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ni.

Ti The North Face wá yàtọ̀. David Alcorn ló yà á ní 1971, ìlà mẹ́ta tó tẹ̀ bí ọrun. Half Dome ló fi ṣe àwòkọ́ṣe, àpáta kan ní Yosemite tí orí rẹ̀ rí roboto. Ẹ ò rí i pé ó jọ tiwa? Oòrùn àti òjò ló bó òkè Ìdànrè léèpo bí àlùbọ́sà fún àìmọye ọdún. Kò sí ṣóńṣó kankan níbẹ̀.

Àwa náà ti ń fi òkè ṣe àmì tipẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn náírà 100 tó jáde ní 1999, àpáta Zuma ló wà níbẹ̀. Orúkọ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, àwòrán ni. Ní nǹkan bí 1830, abẹ́ Olúmọ ni Ṣódẹkẹ́ àti àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò nílé sá sí. Ojúbọ ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ní Ẹdẹ tiwa, a ò ní irú àpáta bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ “Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-Iná” ti rí ọfà tó ń jó lójú ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Ní 2023, Toblerone kéde pé òun máa yọ òkè Matterhorn kúrò lára páálí òun, torí pé apá kan iṣẹ́ náà ń lọ sí Slofákíà, òfin Swítsàlandì ò sì gbà kí wọ́n máa lò ó mọ́. Àwọn yẹn ń ṣọ́ òkè wọn. Ta ló ń ṣọ́ Olúmọ? Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ sórí fìlà tà, ibi ìsádi àwọn kan àti ojúbọ àwọn kan ló ń tà.

Ohun tí mo yà fún àwọn oníbàárà mi nìyí: ìlà roboto kan bí orí òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gùn ún lọ, torí àtẹ̀gùn 682 ló wà níbẹ̀, àti àwọ̀ ilẹ̀ pupa. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi han àwọn ará Ìdànrè kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ. Wọn ò tíì fèsì.

Ẹ̀yin ńkọ́? Òkè wo ló wà nílùú yín, ta ni ẹ sì rò pé ó yẹ ká bi kí a tó yà á? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ó dìgbà kan ná.