Áyọ́ọ̀nù Mẹ́táàlì àti Okùn Ìran: Ìtàn Ìmọ̀ Kan láti Cambridge dé Agbègbè Gúúsù Èkìtì

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ bí àwọn onímọ̀ ṣe mọ̀ pé áyọ́ọ̀nù mẹ́táàlì ni ó ń jẹ́ kí DNA àti RNA lè dúró, kí wọ́n sì lè ṣiṣẹ́. Ó ṣàlàyé bí ìmọ̀ náà ṣe di ohun èlò fún àyẹ̀wò ibà Lassa ní agbègbè tí ó múlé gbe gúúsù Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Èrò rẹ̀ ni pé olùkọ́ tí ó bá kọ́ni ní DNA láìdárúkọ mẹ́táàlì ti fi ìdajì ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Ìfáàrà

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ́ orúkọ DNA, okùn méjì tí a lọ́ mọ́ra ni ó máa ń wá sí i lọ́kàn. Àwòrán náà kò burú, ṣùgbọ́n kò pé. Ẹ̀yìn okùn kọ̀ọ̀kan kún fún fọ́sífétì, fọ́sífétì kọ̀ọ̀kan sì ru agbára iná alámì àyọkúrò (–). Ohun méjì tí ó bá ru irú agbára kan náà kì í fẹ́ súnmọ́ra. Ńṣe ni wọ́n máa ń ti ara wọn. Báwo wáá ni okùn méjèèjì ṣe ń gbé pọ̀?

Iṣẹ́ alárinà ni. Áyọ́ọ̀nù sódíọ̀mù, pòtásíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù ru agbára iná alámì àròpọ̀ (+). Àwọn ni wọ́n ń rọ̀gbà yí fọ́sífétì ká, tí wọ́n sì ń pẹ̀tù sí aáwọ̀ wọn. Bí DNA bá wà nínú omi tí kò ní iyọ̀ rárá, ooru díẹ̀ ti tó láti ya okùn méjèèjì nípá, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ nínú omi oníyọ̀.

Àṣìṣe ọdún 1951

Ní ọdún 1869 ni Friedrich Miescher, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, kọ́kọ́ yọ ohun tí a wá mọ̀ sí DNA jáde láti inú ọyún tí ó wà lára aṣọ tí wọ́n fi di egbò. Ó ju ọgọ́rin ọdún lọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ bí a ṣe tò ó.

Ní òpin ọdún 1951, James Watson àti Francis Crick ṣe àwòkọ́ kan ní Cambridge. Okùn mẹ́ta ni wọ́n lọ́ pọ̀, wọ́n kó fọ́sífétì sí àárín, wọ́n sì ní áyọ́ọ̀nù magnẹ́síọ̀mù ni yóò so wọ́n mọ́ra. Rosalind Franklin wá láti King's College, London, wò ó, kò sì fara mọ́ ọn. Àlàyé rẹ̀ ni pé omi pọ̀ nínú DNA ju bí wọ́n ti rò lọ, àti pé omi yóò bo magnẹ́síọ̀mù yíká, débi tí kò fi ní lè di fọ́sífétì mú bí wọ́n ti fẹ́. Ìta ni ó yẹ kí fọ́sífétì wà. Ọ̀gá wọn, Lawrence Bragg, ní kí wọ́n pa iṣẹ́ náà tì.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1952, Franklin àti Raymond Gosling ya àwòrán tí ó lókìkí jù nípa DNA. DNA tí ó ní áyọ́ọ̀nù sódíọ̀mù lára ni wọ́n lò. Àwòkọ́ olókùn méjì tí Watson àti Crick gbé jáde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1953 fi fọ́sífétì sí ìta, níbi tí omi àti mẹ́táàlì ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àìmọ ìwà mẹ́táàlì wà lára ohun tí ó wó àwòkọ́ àkọ́kọ́. Fífi àyè sílẹ̀ fún un wà lára ohun tí ó mú èkejì dúró.

Láti ìdúró dé iṣẹ́

Ní ọdún 1956, Arthur Kornberg rí ẹ́ńsáìmù tí ń ṣe ẹ̀dà DNA. Bí magnẹ́síọ̀mù kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńsáìmù náà kò lè ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1993 ni Thomas Steitz àti Joan Steitz ṣàlàyé pé áyọ́ọ̀nù méjì ni ó ń ṣe é: ọ̀kan ń múra orí okùn tí ń gùn sílẹ̀, èkejì ń di fọ́sífétì ẹyọ tuntun mú títí yóò fi so mọ́ ọn.

Kì í ṣe gbogbo alárinà ni ó ń tún ilé ṣe. Ní ọdún 1965, Barnett Rosenberg ṣàkíyèsí ní Amẹ́ríkà pé ohun tí ó jáde láti ara plátínọ́ọ̀mù kò jẹ́ kí kòkòrò bakitéríà pín sí méjì mọ́. Láti inú àkíyèsí yìí ni oògùn cisplatin ti jáde, tí wọ́n fọwọ́ sí fún ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ ní ọdún 1978. Ńṣe ni plátínọ́ọ̀mù ń wọnú DNA, tí ó ń tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ, tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kò fi ní lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Ìmọ̀ náà dé Irrua àti Ọ̀wọ̀

Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀, láti ìlú Lassa ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà. RNA ni fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ ní. Ọ̀nà PCR tí Kary Mullis gbé kalẹ̀ ní ọdún 1983 ni wọ́n fi ń wá a rí: wọ́n á yí RNA padà sí DNA, wọ́n á sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà títí yóò fi hàn. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò yìí ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni tí ó wà ní Irrua, Ìpínlẹ̀ Edo. Ní ọdún 2018, ènìyàn 633 ni àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní àrùn náà ní Nàìjíríà. Edo àti Oǹdó, níbi tí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ti Ọ̀wọ̀ wà, wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó kàn jù.

Magnẹ́síọ̀mù ni kọ́kọ́rọ́ àyẹ̀wò náà. Bí ó bá kéré jù, ẹ́ńsáìmù kò ní ṣiṣẹ́; bí ó bá pọ̀ jù, yóò ṣe ẹ̀dà ohun tí kò yẹ. Inú ìgò kékeré tí ìdérí rẹ̀ ní àwọ̀ elésè-àlùkò ni wọ́n sábà máa ń gba ẹ̀jẹ̀ sí. EDTA tí ó wà nínú rẹ̀ máa ń di kálísíọ̀mù mú kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì. Ṣùgbọ́n ó ń di magnẹ́síọ̀mù náà mú. Bí wọn kò bá fọ̀ ọ́ kúrò dáadáa, àyẹ̀wò lè sọ pé àrùn kò sí níbi tí ó wà.

Ohun tí ó kan olùkọ́ gúúsù Èkìtì

Títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, ìpínlẹ̀ kan náà ni Èkìtì àti Oǹdó. Emùré kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀, eku kò sì mọ ààlà ìpínlẹ̀. Ibà Lassa máa ń jọ ibà lásán ní ìbẹ̀rẹ̀, ìtọ́jú tí ó tètè bẹ̀rẹ̀ ni ó sì dára jù. Ẹni tí kò mọ ìdí tí èsì àyẹ̀wò fi ń pẹ́ lè ti ilé ìwòsàn padà sílé. Olùkọ́ ni ó lè là á lóye.

Kò dìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ní yàrá àyẹ̀wò ńlá. Ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Emùré, akẹ́kọ̀ọ́ lè fọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú omi tí ó ní iyọ̀ àti ọṣẹ olómi, kí ó sẹ́ ẹ, kí ó sì rọra da sípíríìtì tútù lé e lórí. Fọ́nrán funfun tí yóò léfòó ní DNA nínú. Sódíọ̀mù inú iyọ̀ ni ó pẹ̀tù sí fọ́sífétì tí okùn wọ̀nyí fi lè ṣù pọ̀. Níbẹ̀ ni kí olùkọ́ ti bèèrè pé: kí ni iyọ̀ wá ṣe?

Àgbálọgbábọ̀

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ìtàn yìí fi hàn pé okùn ìran kò dá dúró rí: mẹ́táàlì ni ó tú àṣírí àwòkọ́ ọdún 1951, òun ni ẹ́ńsáìmù Kornberg fi ṣiṣẹ́, òun náà ni àyẹ̀wò Irrua gbára lé. Ó yẹ kí ẹ̀kọ́ DNA ní kíláàsì fún alárinà yìí ní ipò rẹ̀.