Sinimá Òkè Everest àti Àwọn Òkú Tí A Kò Kà

Ẹni tí ó bá ń gbé Rantya ní ìlú Jos kò ní í bèèrè ohun tí à ń pè ní òkè. Àpáta ni à ń jí rí, àpáta náà ni à ń wò kí a tó sùn. Ilẹ̀ Jos fúnra rẹ̀ fi ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún mítà ga ju òkun lọ, àwọn òkè Shere tí à ń wò lókèèrè sì ga tó 1,829 mítà. Ní Shere ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi okùn gun àpáta sí. Jos yìí kan náà ni Àjọ Sinimá Nàìjíríà, tí òfin ọdún 1979 dá sílẹ̀, fi ṣe ibùjókòó. Èyí ni mo fi rò pé kò yẹ kí sinimá tí ó sọ ìtàn àjálù orí òkè kọjá lójú wa bí eré lásán.

Everest ni orúkọ sinimá náà. Baltasar Kormákur, ọmọ ilẹ̀ Iceland, ni ó darí rẹ̀, ó sì jáde ní 2015. Kì í ṣe àlọ́ rárá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 10 àti ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún, ọdún 1996, ni ó dá lé lórí.

Lọ́dọ̀ àwọn baba wa, ibi ìsádi ni òkè. Nígbà tí ogun le, abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní nǹkan bí 1830. Kí ẹ̀mí má baà bọ́ ni wọ́n ṣe ń gun òkè. Yóò ya àgbà lẹ́nu, nígbà náà, pé ènìyàn san 65,000 dọ́là kí a lè mú un lọ síbi tí èémí gan-an ti wọ́n. Iye tí Rob Hall, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, ń gbà nìyẹn. Òkè náà ga ní 8,849 mítà, afẹ́fẹ́ tí ó sì wà ní ṣóńṣó rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí ó wà létí òkun.

Hall kì í ṣe aláìmọ̀kan. Oníbàárà 39 ni ó ti mú dé ṣóńṣó kí ọdún náà tó dé. Ó sì ní òfin: ẹni tí kò bá dé òkè ní agogo méjì ọ̀sán gbọ́dọ̀ yí padà, kí afẹ́fẹ́ inú ìgò má baà tán mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ilẹ̀ má sì ṣú bá a. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tí ń gùn lẹ́ẹ̀kan náà. A kò tíì so okùn sí àwọn ibi tí ó le. Wọ́n tò sẹ́yìn ara wọn, wọ́n ń dúró nínú òtútù. Doug Hansen, òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ kan láti Amẹ́ríkà, ti sún mọ́ ṣóńṣó ní 1995, Hall sì dá a padà. Lọ́tẹ̀ yìí, nǹkan bí agogo mẹ́rin ni ó tó dé ibẹ̀. Hall dúró dè é.

Ìjì sì dìde. Hansen kú, bẹ́ẹ̀ ni Andy Harris tí ó gòkè padà láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Hall sùn sínú yìnyín mọ́jú. Ní ọjọ́ kejì ó bá aya rẹ̀, tí ó wà nínú oyún, sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó ní kí wọ́n pe ọmọ náà ní Sarah. Kò sí ẹni tí ó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Scott Fischer, olórí ẹgbẹ́ kejì, àti Yasuko Namba, obìnrin ará Japan, kú pẹ̀lú. Ní tèmi, n kò lè pe dídúró Hall ní ìwà òmùgọ̀. Ẹni tí a ti sọ “rárá” fún lọ́dún kan ṣòro láti tún sọ ọ́ fún lọ́dún kejì.

Àwọn tí ó là á já pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan. Jon Krakauer kọ ìwé ní 1997, ó dá Anatoli Boukreev lẹ́bi pé ó sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú àwọn oníbàárà. Boukreev fi ìwé tirẹ̀ dáhùn lọ́dún kan náà. Òun kan náà sì ni ó dá wọ inú ìjì lóru, tí ó kó ènìyàn mẹ́ta bọ̀ láàyè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Bi ẹni tí ó wo sinimá náà léèrè iye ènìyàn tí ó kú: yóò ka márùn-ún. Mẹ́jọ ni wọ́n. Tsewang Samanla, Dorje Morup àti Tsewang Paljor, ọlọ́pàá ẹnubodè ilẹ̀ India, kú nínú ìjì kan náà ní ìhà Tibet, ṣùgbọ́n ìhà Nepal ni ìtàn sinimá náà dúró sí. Mo mọ̀ pé sinimá kò lè gba gbogbo ayé. Síbẹ̀, òkè kan ṣoṣo ni. Àwọn Sherpa tí ń ru ẹrù, tí ń so okùn, a rí wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kò mọ ilé wọn bí a ti mọ ilé àwọn oníbàárà. Ní oṣù kẹrin 2014, lọ́dún tí wọ́n ń ya sinimá yìí, yìnyín ya lulẹ̀ lórí òkè náà, ó sì pa ọmọ Nepal 16 tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Àwọn aláàárù bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ tiwa. Láàárín 1942 sí 1944, ìjọba amúnisìn fi ipá kó ènìyàn tí ó lé ní 100,000 wá sórí ilẹ̀ Jos yìí láti wa tánganran fún ogun. Òtútù, àìsàn àti ebi pa púpọ̀ nínú wọn. Àwọn kòtò ìwakùsà wà káàkiri títí di òní, omi kún inú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ sinimá tí ó bá ń wá ìtàn tí yóò yà lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ wò wọ́n láti Rantya.