Fáíbà inú ìyókù èkùrọ́

Ìyókù èkùrọ́ ni ohun tó ṣẹ́kù nígbà tí a bá ti fún àdín kúrò lára èkùrọ́. PKC ni àwọn olóko adìyẹ ń pè é. Màléṣíà àti Indonésíà ló ń pèsè rẹ̀ jù lọ láyé, New Zealand sì ń rà á fún màálù oníwàrà. Ẹran ọ̀sìn ló ń jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n fáíbà tó lè ṣe ara èèyàn lóore pọ̀ níbẹ̀.

Ohun tó wà nínú rẹ̀

Fáíbà ni apá oúnjẹ tí kì í dà nínú ìfun kékeré. Nínú fáíbà tí ṣúgà so pọ̀ di nínú ìyókù èkùrọ́, mannan tó bí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún, cellulose sì tó 12. Ṣúgà tó ń jẹ́ mannose ló so kọ́ra gbọọrọ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó fi di mannan, ó sì fún pọ̀ débi pé kì í yọ́ nínú omi.

Bí a ṣe ń yọ ọ́

Ìmọ́tótó ló ṣáájú. Níbi ìfọ́ èkùrọ́, wọ́n máa ń da èyí tí wọ́n fọ́ sínú omi amọ̀: èkùrọ́ á léfòó, èèpo á rì. Bí wọn kò bá ṣe é dáadáa, èèpo á máa họ ọwọ́ ẹni tó bá fọwọ́ ra ìyókù náà, a ó sì ní láti jọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni a ó fi kẹ́míkà hexane yọ òróró tó kù. Ọ̀nà méjì ló wà láti ibẹ̀. Èkíní, sodium hydroxide á yọ́ mannan, ásíìdì àti ẹtánọ́ọ̀lù á sì mú un sílẹ̀. Èkejì ni ti ẹ́ńsáìmù mannanase, tí a ń rí lára olú Aspergillus niger. A ó fi ooru tú ìyókù náà sílẹ̀, a ó pò ó mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́, ẹ́ńsáìmù á sì gé mannan sí kéékèèké. A ó wá sè é kí ẹ́ńsáìmù lè kú, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì gbẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun.

Ìwúlò àti ewu

Ara èèyàn kò ní ẹ́ńsáìmù tó ń gé mannan. Inú ìfun ńlá ni àwọn kòkòrò rere bíi Bifidobacterium ti ń jẹ ẹ́, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di ásíìdì tó ń bọ́ ara ìfun. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa jẹ fáíbà tí kò dín ní gíráàmù 25 lójúmọ́.

Ìyókù tó bá lómi lára á bu, májèlé aflatoxin lè wọ̀ ọ́, ooru ìdáná kì í sì í pa á tán. Nítorí náà, ọjọ́ tí a bá fún àdín gan-an ló yẹ kí a sá ìyókù rẹ̀ gbẹ.